Ìwé Àṣẹ fún Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Ẹyẹ Ìgbẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùwádìí àti Ará Ìlú Mọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń wọ inú igbó ìpínlẹ̀ wa láti kọ́ nípa àwọn ẹyẹ tí ń gbé níbẹ̀. Àwọn kan ń ka iye wọn. Àwọn kan ń fi àwọ̀n mú wọn kí wọ́n lè fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tí ó ṣe orílẹ̀-èdè láǹfààní ni, ìjọba kò sì ní i lọ́kàn láti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Síbẹ̀, àṣìmọ̀ kan wà tí a fẹ́ tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìwé tí olórí ẹ̀ka wọn ní yunifásítì bá fún wọn ti tó láti wọ inú igbó kí wọ́n sì mú ẹyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ ni, kò fún un láṣẹ lórí ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un láṣẹ lórí ilẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ìdí tí ìwé àṣẹ fi pọn dandan, irú iṣẹ́ tí ó ń béèrè rẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí olùwádìí kàn, àti ẹ̀tọ́ tí ẹ̀yin ará abúlé ní nígbà tí àlejò bá gbé àwọ̀n wọ igbó yín.

Kí ló dé tí a fi ń béèrè ìwé àṣẹ?

Ẹyẹ ìgbẹ́ kò ní ilé bí adìyẹ, kò sì sí ẹni tí ó ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú bí ó ti wù ú. Gbogbo wa ni ó jọ ni ín, ìjọba ni ó sì ń bá wa ṣọ́ ọ. Ìdí mẹ́ta pàtàkì ni ó wà fún ìwé àṣẹ.

Èkíní ni pé àwọn ẹyẹ kan ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Ẹ̀yà ẹ̀gà kan wà tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Malimbus ibadanensis. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. John Elgood, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àgbáyé ní ọdún 1958. Dúdú ni ẹyẹ yìí, pupa sì ni orí àti àyà rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí a ti ń rí i àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì ti wà nínú àkójọ àwọn ẹyẹ tí ewu ìparẹ́ ń wu lágbàáyé. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí ó ṣẹ́ kù fún un ni igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, igbó tí kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 350 lọ.

Ẹ wá wò ó ná. Bí olùwádìí mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn bá na àwọ̀n sínú irú igbó kékeré bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí ẹyẹ ń pamọ, ìpalára tí iṣẹ́ wọn yóò ṣe lè ju ìmọ̀ tí wọn yóò rí níbẹ̀ lọ. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnìkejì ń bẹ níbẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìwé àṣẹ nìyẹn: kí ẹnìkan wà tí ó mọ gbogbo ohun tí ń lọ nínú igbó kan, tí ó sì lè sọ fún ẹni tí ó dé kẹ́yìn pé kí ó dúró di ìgbà mìíràn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìlera. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2006 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí bird flu, ti wọ Nàìjíríà, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ń sin adìyẹ kò gbàgbé ohun tí ojú wọn rí. Àwọn ẹyẹ tí ń gbé etí omi, bí irú pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, lè gbé kòkòrò àrùn náà kiri láìfi àmì àìsàn hàn. Ẹni tí ó bá ń fọwọ́ kan ẹyẹ ìgbẹ́ láàárọ̀, tí ó sì wọ ilé adìyẹ lọ́sàn-án, lè gbé ohun tí kò mọ̀ lọ bá adìyẹ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn oníṣègùn ẹranko ìpínlẹ̀ mọ ẹni tí ń fọwọ́ kan ẹyẹ, ibi tí ó ti ń ṣe é, àti bí ó ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni ààbò ènìyàn. Ní àkókò tí a wà yìí, àlejò tí ó bá sùn sínú igbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n ń kó ara rẹ̀ sínú ewu, ó sì ń kó ìpayà bá àwọn ará abúlé. Láti ọdún 2020 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti ń bá àwọn ọlọ́pàá ṣọ́ agbègbè wa. Ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí ó sì ti fi ara rẹ̀ hàn kí ó tó wọlé, kò ní í di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Iṣẹ́ wo ni ó ń béèrè ìwé àṣẹ, èwo ni kò béèrè rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe pẹ̀lú ẹyẹ ni ó nílò ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé yín, tí ẹ ń wo lékeléke bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé màlúù, tàbí tí ẹ ń kọ iye alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó bà sórí wáyà iná, ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀. Àwọn ará ìlú tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kópa nínú iṣẹ́ àkójọ ẹyẹ Nàìjíríà tí a mọ̀ sí Nigerian Bird Atlas Project. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ ààyè.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ọwọ́ bá kan ẹyẹ, tàbí tí iṣẹ́ bá dí ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ pọn dandan bí olùwádìí bá fẹ́:

- na àwọ̀n tàbí dẹ ohunkóhun tí yóò mú ẹyẹ láàyè;
- fi òrùka, àmì aláwọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ń sọ ibi tí ẹyẹ wà sí ẹyẹ lára;
- gba ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ tàbí itọ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò;
- fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹyin tàbí ọmọ ẹyẹ;
- mú ẹyẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí yàrá àyẹ̀wò kí ó lè tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀;
- pa ẹyẹ láti fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó gba ìbéèrè jù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹyẹ nítorí ìwádìí gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ìdí tí ohun tí ó ń wá kò fi ṣe é rí nínú àwòrán, nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tàbí nínú àwọn ẹyẹ tí a ti kó pamọ́ sí àwọn yunifásítì láti ìgbà pípẹ́.

Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ṣìnà nìyí. Wọn a gba ìwé kan, wọn a sì rò pé ó bo gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé: ilẹ̀ ta ni? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò sọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn.

Bí ó bá jẹ́ igbó ìjọba, irú Gámbàrí, Ìjàyè tàbí Òpárá, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó wà. Òfin igbó àti òfin ààbò ẹranko ìgbẹ́ tí a jogún láti ayé Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976, ni ó fi ìṣàkóso àwọn igbó wọ̀nyí sí ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ẹ̀ka tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Àyíká ní Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn, ni ẹ ó kọ̀wé sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá gba àṣẹ, ẹ ó tún fi ìwé náà han ọ̀gá igbó tí ó wà ní agbègbè náà kí ẹ tó wọlé.

Bí ó bá jẹ́ Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé, ìwé ìpínlẹ̀ kò lè gbé yín wọlé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọgbà yìí fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 ní ìbú àti òró. Ó kan ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ wa, ó sì yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì tọ́ yín sọ́nà dé oríléeṣẹ́ wọn ní Àbújá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn nínú ọgbà náà láìsí ẹ̀ṣọ́ ọgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́, bí igbó IITA, ọgbà Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà tí a mọ̀ sí FRIN ní Jẹ́ríkò, tàbí ilẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń fúnni ní ààyè láti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ààyè láti wọlé kì í ṣe àṣẹ láti mú ẹyẹ. Ẹyẹ tí ó bà sórí igi IITA lónìí lè bà sórí igi Mọ́níyà lọ́la. Nítorí náà, òfin tí ó dáàbò bo ẹyẹ náà kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, oko àgbẹ̀ tàbí igbó òrìṣà, ẹ ó gba ààyè lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ ó sì fi ara yín han baálẹ̀ tàbí ọba ìlú. Igbó òrìṣà gba àkíyèsí pàtàkì. Ọjọ́ wà tí àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, àwọn ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé àfi àwọn tí ó ni ín. Ìwé àṣẹ ìjọba kò fagi lé èyí. Ọ̀pọ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀ ni igi ńlá ṣì wà, tí ẹyẹ sì ṣì ń gbé, nítorí pé àwọn tí ó ni ín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ìwé ìpínlẹ̀ nìkan kò tó

Àwọn ẹyẹ kan wà tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé ọwọ́ lé. Òfin Ẹranko tí Ewu Ìparẹ́ ń Wu ti ọdún 1985, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2016, pín àwọn ẹranko sí ìsọ̀rí méjì. Ti ìsọ̀rí kìíní kò ṣe é dọdẹ, kò ṣe é mú, kò sì ṣe é tà rárá. Ti ìsọ̀rí kejì kò ṣe é mú láìní ìwé àṣẹ tí òfin náà sọ. Nítorí náà, kí olùwádìí tó kọ orúkọ ẹyẹ kan sínú ètò iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìsọ̀rí tí ẹyẹ náà wà. Àjọ NESREA, tí ó ń rí sí i pé a ń pa àwọn òfin àyíká mọ́, lè ṣàlàyé èyí fún un.

Ọ̀rọ̀ tún le sí i bí ohunkóhun bá fẹ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1974 ni orílẹ̀-èdè wa ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ewu ń wu, èyí tí a ń pè ní CITES. Àdéhùn náà kò mọ sí orí ẹyẹ tí ó wà láàyè nìkan. Ó kan ìyẹ́, egungun, ẹyin àti ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo odídẹrẹ́, ẹyẹ tí a ń fi ìkó rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ oyè àti ti òrìṣà. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Johannesburg, wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀rí tí ó le jù lọ nínú àdéhùn náà. Láti ìgbà náà, ìyẹ́ odídẹrẹ́ kan ṣoṣo tí a bá fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ní òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ níhìn-ín àti láti ọwọ́ ìjọba ibi tí ó ń lọ.

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi ọdún méjì gba ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ jọ. Ó fẹ́ gbé e lọ sí Jámánì fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò ní ìwé tí ó yẹ. Bí àwọn aṣọ́bodè bá dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀jẹ̀ náà yóò bàjẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ọdún méjì ti lọ nìyẹn, ìnira tí ó bá àwọn ẹyẹ náà sì ti di asán. Lára ohun tí a ń sá fún nìyẹn. Ohun tí ó bá sì ti ara ẹranko wá tún nílò ìwé ìlera láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ ẹranko àti ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè. Ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú.

Bákan náà ni dúróònù. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò ó nísinsìnyí láti wo ìtẹ́ tí ó wà lókè igi. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ń fúnni láṣẹ láti fò ó, ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ìpínlẹ̀ kò lè fún yín ní àṣẹ yìí.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ìbéèrè yín

Ìwé ìbéèrè tí ó ṣe kedere máa ń tètè rí ìdáhùn. Èdè tí ó le kọ́ ni ó ń mú kí ó ṣe kedere, bí kò ṣe pé kí ẹni tí ó bá kà á lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú igbó láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn nínú rẹ̀:

- orúkọ gbogbo ẹni tí yóò wọ igbó, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ wọn, àti ẹni tí ó jẹ́ olórí;
- ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, àti àǹfààní tí ìdáhùn rẹ̀ yóò ṣe;
- orúkọ ẹyẹ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, àti iye tí ẹ fẹ́ mú;
- orúkọ igbó, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà, àti ọjọ́ tí ẹ ó wọlé àti èyí tí ẹ ó jáde;
- ọ̀nà tí ẹ ó gbà mú ẹyẹ, ohun tí ẹ ó gbà lára rẹ̀, àti ibi tí ẹ ó ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀;
- ẹ̀rí pé ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹyẹ ti kọ́ iṣẹ́ náà;
- ìwé ìgbìmọ̀ yunifásítì tí ó ń rí sí i pé a kò fi ìyà jẹ ẹranko nínú ìwádìí.

Àwọn tí ó wá láti òkè òkun yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá ní alábàáṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà. Ní ti owó, ẹ béèrè iye tí ó jẹ́ ní ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kí ẹ san án sí àpò ìjọba, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní owó nínú igbó, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọlé. Bí iṣẹ́ yín bá kan ìjọba àpapọ̀, kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń tọ́jú ẹyẹ tí ó wà lọ́wọ́

Àwọn tí ń ka ìwé ìbéèrè máa ń wo ọ̀nà tí olùwádìí fẹ́ gbà tọ́jú ẹyẹ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹyẹ ti ń kú bí ọwọ́ kò bá mọ iṣẹ́. Àwọ̀n tí wọ́n ń lò tín-ín-rín débi pé ẹyẹ kì í rí i. Ẹyẹ tí ó bá há sínú rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan fún ara rẹ̀. Oòrùn lè pa á, òjò lè pa á, ìjàlọ sì lè jẹ ẹ́ láàyè. Nítorí náà, kò yẹ kí ìdajì wákàtí kọjá kí olùwádìí tó padà wá wo àwọ̀n rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ká a bí òjò bá ṣú tàbí bí ọ̀sán bá gbóná jù, kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní nínà nígbà tí ó bá ń lọ sílé.

Ìwọ̀n wà fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà pẹ̀lú. Òfin ọwọ́ tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé ni pé ohun tí a bá gbà kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹyẹ lọ. Ẹyẹ tí ó bá wọn gíráàmù 20 kò ní ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ nìyẹn. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ẹyẹ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kì í jẹ́ kí ó ju ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, kí ó má baà di ẹrù tí yóò dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ iṣẹ́ òrùka fífi sí ẹyẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti ń kọ́ ọ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ẹ̀yin ará abúlé, àgbẹ̀ àti ọdẹ

Ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ igbó jù lọ. Bí ẹ bá rí àlejò tí ó ń na àwọ̀n tàbí tí ó ń gun igi lọ síbi ìtẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Olùwádìí tòótọ́ kò ní bínú. Ẹ wo orúkọ tí ó wà nínú ìwé náà, orúkọ igbó, àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Bí kò bá ní ìwé rárá, ẹ má ṣe lù ú, ẹ má sì ṣe gba ẹrù rẹ̀. Ẹ pe ẹ̀ṣọ́ igbó, ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn tí ó bá sún mọ́ yín.

Bí ó bá gbà yín síṣẹ́ láti fi ọ̀nà hàn án, owó iṣẹ́ yín ni kí ẹ gbà. Ẹ má ṣe bá a pa ẹyẹ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, nítorí àlejò yóò padà sílé, ẹ̀yin ni òfin yóò sì bá níbẹ̀. Ẹ rántí igún pẹ̀lú. Ẹyẹ tí gbogbo wa ń rí lórí ààtàn nígbà èwe wa ti di ọ̀wọ́n. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ti fi irú igún tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa sí ipò tí ó sún mọ́ ìparẹ́ jù lọ nínú àkójọ wọn. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ bá òun wá orí igún, tí ó sì ní nítorí ìwádìí ni, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà mìíràn, ẹ lè rí ẹyẹ tí ó ní òrùka kékeré lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe àmì oògùn, kò sì ní ohun búburú kankan nínú. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ń ti Yúróòpù wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Nàìjíríà, òrùka ẹsẹ̀ wọn ni ó sì jẹ́ kí a mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, ẹ má ṣe yọ òrùka náà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ. Bí ó bá ti kú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé e. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì igbó ní ìjọba ìbílẹ̀ yín pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i.

Bí ẹ bá sì rí ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ó kú sójú kan láìsí ìdí tí ó hàn, ẹ má ṣe jẹ wọ́n, ẹ má ṣe kó wọn fún ajá, ẹ sì má ṣe jẹ́ kí adìyẹ yín dé ibẹ̀. Ẹ tètè sọ fún oníṣègùn ẹranko ìjọba.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí

Ìwé àṣẹ kò parí lọ́jọ́ tí olùwádìí bá ká àwọ̀n rẹ̀. Ó ku ìròyìn tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì tí ó fún un láṣẹ: iye ẹyẹ tí ó mú, irú èyí tí ó mú, iye tí ó kú àti ìdí rẹ̀, àti ohun tí ó rí. Kí ó má ṣe fi èyí tí ó kú pamọ́. Ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ohun tí yóò ṣọ́ra fún.

Ìròyìn yìí ni a fi ń mọ igbó tí ẹyẹ ṣì pọ̀ sí àti èyí tí ó ti ń ṣófo. Bí ẹnìkan bá wá béèrè pé kí a gé apá kan igbó fún oko tàbí fún ilé, òun ni ẹ̀rí tí àwọn aláṣẹ yóò gbé síwájú. Bí olùwádìí bá gba ìmọ̀ lọ tí kò sì dá nǹkan kan padà, igbó náà kò ní agbẹjọ́rò lọ́jọ́ yẹn.

A tún ń rọ àwọn olùwádìí pé kí wọ́n padà sí abúlé tí ó gbà wọ́n lálejò, kí wọ́n sì fi èdè tí ó yé àwọn ènìyàn ibẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ wa mọ ibi tí àkàlàmàgbò ń pamọ sí, wọ́n sì mọ oṣù tí agbe àti àlùkò ń dún. Ìmọ̀ wọn wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọn kò kà rí. Ó tọ́ kí a dárúkọ wọn níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lórí ohunkóhun tí a kọ sókè yìí lè lọ sí ẹ̀ka igbó ní Sẹkitéríàtì, Agodi, tàbí sí ọ́fíìsì igbó tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ètò iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó sàn kí ènìyàn béèrè nígbà tí àwọ̀n ṣì wà nínú àpò ju kí ó máa ṣàlàyé lẹ́yìn tí ẹyẹ ti há sínú rẹ̀ lọ.